Ariwo Ayọ̀ Nínú Àgbàlá Madeleine

Gaàrí nìkan ló kù nínú ilé Yínká láàárọ̀ ọjọ́ náà. Dorcas, ìyàwó rẹ̀, bù ú sínú abọ́ mẹ́ta, ó da omi sí i, ó wọ́n iyọ̀ lé e nítorí pé ṣúgà ti tán, ó sì gbé e síwájú ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ti sọ gbogbo Lomé, olú-ìlú Togo, di ahoro. Ọjà Bè-Kpota tí èèyàn kì í ráyè gbé ẹsẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, ajá nìkan ló ń rìn gbéregbère níbẹ̀ báyìí. Àwọn aráàlú ní àwọn fẹ́ ìjọba tí àwọn fọwọ́ ara àwọn yàn. Àwọn tó ní ìbọn lọ́wọ́ ní àwọn ò gbọ́. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ebi ti ń pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó ní mọ́tò ti kó ẹbí rẹ̀ sá lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, ẹni tó ní ẹsẹ̀ tó le ti rù tirẹ̀ lé orí gba ọ̀nà Ghana, ẹni tí kò mọ ibi tí yóò lọ ló kù nílé tó ń fetí sí ìró ìbọn.

"Bàbá Pamí, mo ti di ẹrù," ni Dorcas wí. "Báàgì méjì péré ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí oòrùn tó mú."

Yínká kò gbé ojú sókè. Tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, iṣẹ́ tó ń fi bọ́ wọn nìyẹn, tẹlifíṣọ̀n àwọn oníbàárà sì kún yàrá iwájú láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Bó ṣe ń jẹ gaàrí náà ló ń fi screwdriver tú ìdí ọ̀kan.

"Ta ni kí n fi télé àwọn èèyàn sílẹ̀ fún?" ló béèrè. "Bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá a ńkọ́?"

"Àwọn tó ni ín ti wà ní Cotonou! Wọ́n ti sá àsálà, ẹ̀yin wá jókòó ẹ ń ṣọ́ télé fún wọn."

"Ilé àwọn tó sá ni wọ́n ń jà lólè. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé tirẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kàn án."

"Ẹni tí wọ́n gbé lọ ní òpópónà kejì, ṣé orí igi ni wọ́n ti ká a mọ́?"

Yínká tẹjú mọ́ ìdí tẹlifíṣọ̀n náà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ká a mọ́ igun, á tẹ orí mọ́lẹ̀, á sì máa wá nọ́ọ̀tì kan tí kò sọnù. Dorcas wò ó títí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú nìkan. Láti ìgbà tí ìbọn ti ń dún ní tòsí ni ẹ̀rù ti ń bà á, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Pamílẹ́rìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti jẹ gaàrí tirẹ̀ tán. Ọmọdébìnrin tó ti ń lọ sí lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, ni, kí wọ́n tó ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa. Ó lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní igun yàrá, ó na ọwọ́ sí àpótí ike kékeré kan, ó tẹ̀ ẹ́, orin sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún tìnkó-tìnkó.

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Dorcas wí.

Géèmù ni. Èyítáyọ̀, àbúrò Dorcas, ló rà á bọ̀ láti Èkó lásìkò Kérésì, àpótí kan, páàdì méjì tó ní bọ́tìnì lórí, àti kásẹ́ẹ̀tì kan péré. Nínú géèmù náà, ọmọ kékeré kan ló ń gun òkè gíga. Òkúta á máa yí bọ̀ lókè, ihò á máa yanu sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọmọ náà á máa sá, á máa fò. Àwọn lẹ́tà tó ń jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ẹni tó lè kà á, èdè ibòmíì ni. Orin kan á dún bí ọmọ náà bá gun òkè dé, orin mìíràn á dún bó bá já sínú ihò, bẹ́ẹ̀ àwọn orin méjèèjì dùn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó kò lè mọ èwo ni ti ikú.

Ti Pamílẹ́rìn nìkan ni ì bá jẹ́, bí kò bá ṣe ti ọwọ́ Yínká tí kì í gbé jẹ́ẹ́. Antẹ́nà kan ṣoṣo ni gbogbo àgbàlá Madeleine, ìyá onílé wọn, ń lò. Yínká ló gbé e nà sókè lórí igi ọparun gígùn, tó fa wáyà láti ibẹ̀ lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe jọ ń pọn omi nínú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń fi antẹ́nà kan náà wo tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí ọta ìbọn kan wá ṣáko lọ́jọ́ kan tó lu ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi, àwọn ìyá àgbàlá ti ọmọ wọn mọ́lé, àwọn ọmọ sì ń sunkún láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àánú wọn ṣe Yínká. Ó mú wáyà géèmù, ó so ó mọ́ ibi tí gbogbo wáyà antẹ́nà ti pàdé. Láti ọjọ́ náà, ohun tí Pamílẹ́rìn bá ń ta nínú yàrá wọn, inú yàrá gbogbo àgbàlá ni yóò ti máa hàn. Nítorí pé télé ìjọba kì í sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ọ̀nà ṣófo.

Àwọn ọmọ sinmi ẹkún. Àwọn àgbà ló wá di ọmọ. Isidore, akọ̀wé ọ́fíìsì tí ìyanṣẹ́lódì lé wálé, sọ pé ìròyìn lòun ń dúró dè, ṣùgbọ́n bí ọmọ orí òkè bá ti já sínú ihò, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń pòṣé lẹ́yìn ògiri. Àlàájà Ìsìlámíyátù, ìyá oníṣòwò aṣọ tí yàrá rẹ̀ fara kan ti Yínká, ti kọ́kọ́ sọ pé eré àwọn ọ̀lẹ ni. Òun náà ló wá ń pariwo "Fò! Fò, ìwọ ọmọ yìí!" ju ẹnikẹ́ni lọ. Nínú ìlú tí kò ti sí ẹni tó lè rẹ́rìn-ín lójú títì, àgbàlá yìí ń pariwo ayọ̀ pa pọ̀, oníkálùkù nínú yàrá tirẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

Dorcas gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Àlàájà àti Madeleine tó ni ilé ti wà níbẹ̀, Isidore sì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ojú gbogbo wọn ti wọnú.

"Ẹ ti gbọ́?" ni Isidore béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́. "Lánàá, àwọn ọ̀dọ́ sọ òkò lu ṣọ́jà kan ní ìhà Akodessewa. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ilé kan níbẹ̀. Àwọn ṣọ́jà wọlé tọ̀ ọ́. Ẹni tó rẹ́rìn-ín, wọn ò rí i mú, wọ́n bá kó gbogbo ọkùnrin ilé náà."

"Wọ́n ti dá wọn padà?" ni Dorcas béèrè.

Isidore mi orí pé rárá.

"Kí gbogbo yín pa ẹnu mọ́ lónìí," ni Madeleine wí. Yorùbá rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì, Mina ni èdè ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin Anago, ẹ̀yin Yorùbá yìí, ẹ fẹ́ràn ariwo jù. Ilé mi ni wọ́n máa jó, kì í ṣe ilé yín."

"Ta ló ń pariwo ju ìwọ lọ, Madeleine?" ni Àlàájà wí. "Àná ni o fọ́ àwo nítorí pé ọmọ já sí ihò." Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rántí ọ̀rọ̀ Isidore, ẹ̀rín náà sì kú sí wọn lẹ́nu. Àlàájà bu díẹ̀ nínú ẹ̀wà tó ń fọ̀ sínú abọ́, ó fi lé Dorcas lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé kò sí nǹkan nílé wọn, kò sì jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀.

Dorcas sáré wọlé. "Pamí, pa á. Pa á lójú ẹsẹ̀. Bàbá Pamí, ẹ tú wáyà yẹn kúrò. Ẹ̀rín lásán, wọ́n ń gbé èèyàn tìtorí ẹ̀rín."

"Wàyí o," ni Yínká wí. "Ọmọ ò lè jáde, ọmọ ò lè kàwé, ọmọ ò rí oúnjẹ gidi jẹ láti ọjọ́ yìí. O tún fẹ́ gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀? Géèmù ni o, Dorcas. Kì í ṣe ìbọn."

"Àwọn ni kí ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún."

"Màmá, mo ti fẹ́ dé orí rẹ̀," ni Pamílẹ́rìn wí. "Ẹ wo orí òkè yìí, mi ò dé ibẹ̀ rí láti ọjọ́ Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n parí èyí."

Dorcas wo ọmọ náà. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ó rántí pé gaàrí oníyọ̀ ló fún un jẹ láàárọ̀. "Tí ẹ̀wà bá ti jinná, o máa pa á," ló wí. Ó gbé àdògán èédú lọ sẹ́bàá géètì nítorí èéfín, ó gbé ìkòkò ka iná, ó jókòó tì í.

Géètì náà ní àlàfo láàárín pákó méjì, èèyàn lè rí oríta láti ibẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà kan wá dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti kọjá àtàrí. Bí Dorcas ṣe rí wọn ló fẹ́ dìde lọ pa géèmù náà. Ó rí àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ tó yọ lẹ́yìn ilé kan. Ó rí apá tó fì sókè. Òkúta lọ lójú sánmà, ó ba ṣọ́jà kan tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀ níwájú orí, fìlà rẹ̀ já bọ́, òun náà sì ṣubú sílẹ̀.

Ìgbà náà gan-an ni Pamílẹ́rìn dé orí òkè.

Àgbàlá Madeleine bú sáriwo. Àwọn ọmọdé ń ké, àtẹ́wọ́ ń dún, Àlàájà ń kígbe pé "Ó ti dé! Ó ti dé o!", ohùn Isidore sì ròkè ju ti gbogbo wọn lọ. Ayọ̀ náà gba orí òrùlé kọjá, ó bọ́ sí oríta. Nínú gbogbo àgbàlá, Dorcas nìkan ló rí ohun méjèèjì pa pọ̀, ṣọ́jà tó ṣubú níwájú rẹ̀ àti ariwo ayọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i bí àwọn ṣọ́jà yòókù ṣe yí orí wọn padà, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, sí ọ̀nà géètì.

Ó fẹsẹ̀ gbá ìkòkò ẹ̀wà dànù bó ṣe ń sáré. "Ẹ dákẹ́! Ẹ ti pa wá! Ẹ dákẹ́!" Ó já wọ yàrá, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ti Pamílẹ́rìn sẹ́yìn kọ́tìnnì yàrá inú. Yínká ń bi í pé kí ló dé. Kò tíì dá a lóhùn tí wọ́n fi gbá géètì wọlé.

Gbogbo ilẹ̀kùn àgbàlá ti wà ní títì. Ọ̀dọ̀ Yínká ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà wọlé. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eyín rẹ̀ funfun, wo tẹlifíṣọ̀n tó kún yàrá, ó fi ẹnu ìbọn kan ọrùn Yínká. Faransé ló ń sọ.

"Ta ló ń yọ̀ pé ọmọ ogun mi ṣubú?"

"Kò sí o, chef, ọ̀gá wa. Géèmù ni, jeu ni, chef. Wọ́n ń wò ó ní yàrá wọn ni wọ́n fi pariwo. Wáyà ni mo fà." Ọ̀rọ̀ ń dàrú mọ́ Yínká lẹ́nu, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"O fa wáyà sí yàrá gbogbo ènìyàn? Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lo dá sílẹ̀?" Ó rán ṣọ́jà kan pé kó lọ béèrè.

Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń lu ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ohùn Isidore, tó ń wárìrì, pé tẹlifíṣọ̀n òun ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òun kò mọ géèmù kankan. Wọ́n gbọ́ ohùn Madeleine pé oorun lòun ń sùn. Àlàájà kò tilẹ̀ dáhùn. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ láìpẹ́ yìí! Dorcas kò rí ìbínú kankan nínú ara rẹ̀ tó lè fi bínú sí wọn, ẹ̀rù ti gba gbogbo ibẹ̀.

"Wọn ò mọ géèmù rẹ," ni ọ̀gá wí. Ó fi ẹnu ìbọn ti ọrùn Yínká títí orí rẹ̀ fi fara ti ògiri.

"Ọmọ mi ni!" ni Yínká kígbe. "Ọmọ mi obìnrin ló ń ta á, chef! Òun ló gun òkè tí wọ́n fi pariwo! Pamí! Pamí, jáde wá fi hàn wọ́n!"

Ojú Dorcas ṣú. Kọ́tìnnì ṣí, Pamílẹ́rìn sì jáde, ó fọwọ́ méjèèjì gbá àyà mú. Ọ̀gá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sọ ìbọn kalẹ̀ díẹ̀, eyín rẹ̀ sì hàn.

"Ọmọbìnrin," ló wí. "Ó dáa. Àgọ́ wa ò ní eré kankan, gbogbo nǹkan ti sú wa. Ẹ gbé àpótí yẹn, ẹ gbé télé kan tì í. Ọmọ yìí máa tẹ̀lé wa, kó wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ta á. Lọ́la a máa dá a padà."

Kò sẹ́ni tí kò mọ irú lọ́la bẹ́ẹ̀ ní Lomé lásìkò náà. Yínká wo Dorcas, ó sì tẹ orí mọ́lẹ̀.

Dorcas rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín náà, kò mọ ibi tó ti wá. "Chef, ẹ má dá ọkọ mi lóhùn," ló wí ní Faransé ọjà tó ń sọ, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Ojú ló ń tì í. Èmi ni mo ń ta á. Èmi ìyá ọlọ́mọ, èmi ni mo ń jókòó síwájú télé láti àárọ̀ bí ọmọdé. Ojú ń tì í kó sọ pé ìyàwó òun ni. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, ìwé ló ń kà."

Ọ̀gá wò ó, ó wo ọmọ, ó tún wò ó. "Ìwọ?"

"Èmi."

"Ta á ká wò." Ó jókòó sórí àga Yínká, ó gbé ìbọn lé itan.

Dorcas tan tẹlifíṣọ̀n. Ó mú páàdì. Kò fọwọ́ kàn án rí àfi tó bá ń gbá ilẹ̀. Ó dì í mú sódì, wáyà kọjú sí i láyà. Pamílẹ́rìn mi orí díẹ̀, Dorcas sì yí i padà. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré náà dúró sẹ́sẹ̀ òkè. Dorcas tẹ ohun tí ìka rẹ̀ kàn, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń lọ tààrà, ihò àkọ́kọ́ yanu sílẹ̀, Dorcas ń tẹ gbogbo bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ náà sì rìn wọnú ihò náà bí ẹni tó ń wọlé ara rẹ̀.

Orin dún. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n, kò mọ ohun tó ń wò.

Ògiri tó wà láàárín wọn àti Àlàájà kò nípọn. Gbogbo ohun tí Dorcas sọ ni ìyá àgbà náà ti gbọ́, ó sì rí ihò náà lójú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀.

"Ó ti dé!" ni Àlàájà kígbe, ohùn rẹ̀ ya. Ó pàtẹ́wọ́. "Ó ti dé o! Ìyá Pamí ti tún débẹ̀!"

Ọmọ kan ké ní yàrá kejì, bóyá ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni, ẹnì kan sì fi igbe ayọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Madeleine tó ń sùn ń lu ilẹ̀kùn rẹ̀ gbà-gbà-gbà. Isidore tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bàjẹ́ ń kígbe "Bravo! Bravo, Madame!" Gbogbo àgbàlá bú sáriwo, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ, ariwo àwọn tó ń sunkún lórí ohùn ayọ̀.

Ọ̀gá yí ojú sí ògiri. Ó rẹ́rìn-ín, àwọn ṣọ́jà rẹ̀ náà sì rẹ́rìn-ín. "Télé tó bàjẹ́ ti sàn," ló wí. "Óò, òótọ́ ni, géèmù ni. Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n." Ó fi ìbọn kọ́ èjìká. "Àpótí náà àti ìwọ. Dìde."

Nígbà tí ariwo náà dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn. Ṣọ́jà kan ti gbé tẹlifíṣọ̀n jáde. Yínká jókòó sílẹ̀ nídìí ògiri, ó ń sọ pé "Dorcas, Dorcas," bí ẹni tó ń pè é láti ọ̀nà jíjìn. Dorcas wò ó fìrí kan. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó fún un le, ó kúnlẹ̀ sídìí àpótí géèmù láti ká wáyà rẹ̀. Pamílẹ́rìn kúnlẹ̀ tì í, omijé ń bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń ká a.

Dorcas kò gbé orí sókè. Yorùbá ló sọ, jẹ́jẹ́, ohùn tó fi ń béèrè iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

"Pamí, nínú bọ́tìnì wọ̀nyí, èwo ni wọ́n fi ń fò?"

"Pupa, Màmá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé etí ihò. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá débẹ̀."

"Pupa," ni Dorcas wí. Ó gbé àpótí náà lé orí, ó sì bá wọn lọ.